Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọ̀nà Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ Pòórá: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mẹ́ẹ̀rì àti Ìgbìmọ̀ Kọ́múùnù

Sí Mẹ́ẹ̀rì àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́múùnù Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin,

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ bá wa kọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sórí àwọn òkè wa sínú ìwé ìlú, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ilé dí wọn mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ìgbẹ́ tó yí ẹsẹ̀ òkè ká máa jẹ́ ìgbẹ́ lọ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí a máa ń gbà lọ sẹ́yìn àpáta, tí àwọn ìyá wa ń gbà lọ ṣa èso òrí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹnì kan ra ilẹ̀ síbẹ̀, ó sì mọ ògiri bíríkì la ojú ọ̀nà náà kọjá. A tọ̀ ọ́ lọ. Ó gbà wá dáadáa, ó fún wa lómi mu, ó sì tẹ́ ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. Ìwé náà pé. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà fún un, òfìfo ni gbogbo ibẹ̀. Kò sí ìlà kankan tó fi hàn pé ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò lè sọ pé ọkùnrin náà ṣẹ̀. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa là, tí kò sí nínú ìwé, kò sí lójú òfin. Bí ìlú ṣe ń fẹ̀, tí àwọn awọnlẹ̀ ń gbin òkúta ààlà kiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọ̀nà wọ̀nyí yóò máa lọ, a ò sì ní rí ẹni tí a ó bá wí.

Olùkọ́ ni mí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ kan, pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé tí òbí wọn bá yọ̀ǹda, a máa ń jáde láàárọ̀ Sátidé lọ rìn. A kì í lọ ṣẹ́gi, a kì í lọ dẹ pàkúté, a kì í lọ já ewé àgbo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún àwọn tó bá pàdé wa. "Níbo lẹ ń lọ?" A ní à ń rìn ni. "Kí lẹ fẹ́ lọ mú bọ̀?" A ní kò sí. Ìyá àgbà kan tó ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan?" Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá.

Ìyá yẹn ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rin ìrìn wákàtí méjì lọ sóko lójoojúmọ́, tó tún ń ru iṣu bọ̀, èmi kọ́ ni màá sọ fún un pé ìrìn dára. Òun àti ìgbẹ́ mọ ara wọn. Àwọn ọmọ wa ló ń bà mí lẹ́rù. Sẹ́mìjan, ọ̀kadà akérò, ní ń gbé wọn lọ síléèwé, sẹ́mìjan ní ń gbé wọn bọ̀. Bí wọ́n bá délé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí òkè, tí kò gun òkè náà rí. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èyí kò tilẹ̀ jìnnà. Kí wàásù Sátidé tó bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, ẹni tó bá tètè jí ti lè lọ kó sì bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibẹ̀. Ẹ mú àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, tí òjò rọ̀ mọ́jú. Lójú ọ̀nà, koríko ga ju àwọn ọmọ lọ, ìrì inú rẹ̀ sì ń rin wa láṣọ títí dé àyà. Lẹ́yìn náà ni koríko dúró, àpáta bẹ̀rẹ̀. Ibi tí omi ṣì ń ṣàn dúdú, ibi tó ti gbẹ rí bí eérú. Bí oòrùn bá ti ràn án díẹ̀, èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa tinú àpáta yọ, bí o bá sì gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé e, tútù àti gbígbóná lo máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kòtò kéékèèké wà lójú àpáta tí òjò ti kún. Nínú ọ̀kan tí kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọn ọmọ àkèré dúdú mìnìjọ̀ ń yí kiri. Ọmọbìnrin kan dojú bolẹ̀ lórí àpáta, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ó ní, "Ta ló gbé wọn gun òkè?" Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ti yí kòtò náà ká. Ọ̀kan ní òjò ló rọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀kan ní ìyá wọn fò wá lóru. Òmíràn ní ká gbé wọn lọ sódò kí kòtò tó gbẹ mọ́ wọn, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀ lórí bóyá ó yẹ ká fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa bí àkèré ṣe ń dàgbà lójú pátákó lọ́pọ̀ ìgbà. N kò rí kí kíláàsì bèèrè ìdajì ìbéèrè yẹn rí.

Ohun kan tún wà lórí àpáta yẹn tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀. Koríko kan ń hù lórí òkúta gbalasa, níbi tí kò sí erùpẹ̀ tó kún ìkúùkù. Nígbà ọyẹ́ á gbẹ kanrankanran, á pọ́n, ẹ ó sọ pé ó ti kú. Kí òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo rọ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ewé kan náà tó gbẹ yẹn á tún padà tutù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Afrotrilepis pilosa, orí àpáta irú tiwa káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì ti ń gbé. Èèyàn kọ́ ló gbìn ín. Bí a bá fọ́ àpáta náà ta ní yanrìn òkúta, ó parí.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í yanu. Bí a bá wọ ìgbẹ́, òun ni aṣáájú wa. Ó mọ igbe àparò yàtọ̀ sí ti àdàbà, ó mọ igi àyìn, ó mọ irúgbá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì lè wo ẹsẹ̀ etu nílẹ̀ kó sọ ibi tó kọrí sí. Ọdẹ ni bàbá bàbá rẹ̀. Nínú ìgbẹ́, ọmọ náà di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Mo ti rí i kó kì erin bí bàbá àgbà rẹ̀ ṣe ń kì í, erin tí òun fúnra rẹ̀ kò rí rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí erin ní Benin lónìí, ọ̀hún lọ́hùn-ún ní àríwá, ní irú ọgbà ẹranko Pendjari, ni yóò lọ. Ìjálá wà nítorí pé àwọn kan rìn nínú igbó, wọ́n sì fara balẹ̀ wo ẹranko kí wọ́n tó la ẹnu kì í. Bí kò bá sí ìgbẹ́ tí ọmọ lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀, kí ni yóò kì?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni ẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, nítorí òun ló ń náni lówó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, ìrìn tó yá sì wà nínú rẹ̀. Ní 1984, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Roger Ulrich kọ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ọsibítù kan ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Fèrèsé àwọn kan kọjú sí igi. Fèrèsé àwọn yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń rí igi tètè lọ sílé ju àwọn tó ń wo ògiri lọ, oògùn ìrora líle tí wọ́n béèrè kò sì tó ti àwọn yẹn. Ojú fèrèsé lásán nìyẹn o. Àwa tí igi àti òkè wà lẹ́yìnkùlé wa, ògiri la wá ń mọ dí wọn.

Ọ̀rọ̀ omi náà ń bẹ. Àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá fi 10 mìlímítà rọ̀ sórí àpáta tó fẹ̀ tó hẹ́kítà kan ṣoṣo, 100,000 lítà omi ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì ń ya wá sí ẹsẹ̀ òkè. Òjò tó ń rọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́dún sì tó nǹkan bí 1,100 mìlímítà. Ìdí nìyí tí igi ẹsẹ̀ òkè fi máa ń tóbi ju ti pápá lọ: àwọn ló ń rí omi mu jù. Gbòǹgbò wọn ń dá omi náà dúró kó lè wọlẹ̀ lọ bá kànga. Bí a bá pa igi wọ̀nyí, tí a fi sìmẹ́ńtì bo ibẹ̀, omi náà ò ní torí bẹ́ẹ̀ má wá. Inú yàrá àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ ni yóò gbà. Ẹni tó bá ń rìn níbẹ̀ lẹ́yìn òjò á ti fojú ara rẹ̀ rí ibi tí omi ń gbà, láìwo ìwé kankan.

Àárín omi méjì ni ìlú wa sì wà, Wẹ̀mẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, Ọ̀pàrà ní ìlà-oòrùn níbi ààlà Nàìjíríà. Ọ̀pàrà ń wọnú Wẹ̀mẹ̀, Wẹ̀mẹ̀ sì ń bá tirẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti adágún Nokoué. Ohun tí a bá ṣe sí ìgbẹ́ wa níbí, apẹja tó ń ju àwọ̀n ní Àjàṣẹ́ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ tún wo bí ilẹ̀ wa ṣe rí láàárín àwọn ilẹ̀ yòókù. Igbó kìjikìji etíkun tó bọ̀ láti Làìbéríà já nígbà tó kọjá Gánà. Ó di Nàìjíríà kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Àwa wà nínú àlàfo náà, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Dahomey pè. Ìgbẹ́ onípápá ni tiwa, pẹ̀lú igbó kékeré níhìn-ín lọ́hùn-ún, léti odò, lẹ́sẹ̀ òkè, níbi ojúbọ. Ẹni tó ní igbó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà lè ṣèèṣì pàdánù díẹ̀. Tiwa ò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò ní à ń gbin igi. Òótọ́ ni. Láti 1985 ni orílẹ̀-èdè wa ti ń ṣe ọjọ́ igi ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, èmi àti àwọn ọmọ mi sì ń gbìn lọ́dọọdún. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ rìn nínú oko tíìkì, kí ẹ sì lọ rìn nínú ìgbẹ́ ẹsẹ̀ òkè lọ́jọ́ kan náà. Nínú oko tíìkì, ìlà ni gbogbo igi tò sí, ewé gbígbẹ ń ró gbáragbàra lábẹ́ ẹsẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí o tó gbọ́ ohùn ẹyẹ kan. Oko kajú náà ń bọ́ ìdílé púpọ̀ ní agbègbè wa, Ọlọ́run á jẹ́ kó máa so. Oko ni wọ́n, a sì nílò oko. Ìgbẹ́ yàtọ̀. Ìgbẹ́ ni ibi tí ohun tí a kò gbìn, tí a kò rán níṣẹ́, ti ń gbé ayé tirẹ̀. Èmi gbà pé ọmọ ènìyàn nílò láti máa lọ síbi tí kò ti jẹ́ òun ni ọ̀gá, kó máa rántí ìwọ̀n ara rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ èyí ju wa lọ. Kí ìjọba kankan tó dé ni wọ́n ti ní igbó tí a kì í fi àdá kàn, igbó Orò, igbó òrìṣà, tí ẹni tí kò bá yẹ kì í wọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe òfin tiwọn ní 1964, pé àwọn ilẹ̀ kan yóò wà tí ọkọ̀ ò ní wọ̀, tí a ò ní la títì sí. Norway ṣe tirẹ̀ ní 1957: ẹnikẹ́ni lè fẹsẹ̀ rìn nínú ìgbẹ́ tí a kò dáko sí, bí ilẹ̀ náà bá tilẹ̀ ní olówó. Nígbà tí mo kà á, mo ní àṣà ilé wa kọ́ rèé? Nígbà èwe mi, ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀, àwa fi tiwa sínú orí àwọn àgbà, àwọn àgbà sì ń lọ.

Agbára rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Òfin 97-029 ti oṣù Kìíní 1999 ló fi ètò ilẹ̀ àti àyíká sábẹ́ àbójútó kọ́múùnù, kí òfin tuntun ti 2021 tó rọ́pò rẹ̀. Ní 2012, ìjọba ṣe àṣẹ lórí ìtọ́jú àwọn igbó òrìṣà. Òfin igbó ti 1993 náà ń bẹ nílẹ̀. Ẹ ò ní ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù díẹ̀ ni pé bí ẹ bá gbọ́ "òkè", ọkàn yín á lọ sọ́dọ̀ àwọn àlejò, pé ká ṣe àtẹ̀gùn oní-sìmẹ́ńtì dé òkè, ká kọ́ ilé ọtí sí orí rẹ̀, ká so gbohùngbohùn mọ́ igi. Mo gbà pé owó àlejò dára. Ẹni tó bá ti òkèèrè wá láti wo òkè wa, ẹ jẹ́ kó rí ọ̀dọ́ Ṣábẹ̀ẹ́ tó mọ ọ̀nà, tó máa mú un rìn, kó sì sanwó fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá ta ọbẹ̀ àti iṣu fún un nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ariwo gun òkè, àparò á kó lọ, àlejò tó wá nítorí ìdákẹ́jẹ́ ò sì ní padà wá. Ilé ọtí wà ní gbogbo ìlú. Òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ibí nìkan ló wà.

Lórí òkè yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa sá lọ nígbà tí ogun Dahomey ń jó ìlú kiri ní ọ̀rúndún 19. Ẹni tó bá ti gun un rí á mọ ìdí. Láti òkè, o rí gbogbo ẹni tó ń bọ̀; láti ìsàlẹ̀, wọn ò rí ọ. Mo máa ń dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, màá ní kí wọ́n fojú wá ilé wọn, títì àti ojú irin rélùwéè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtàn ogun tó ń wọ̀ wọ́n létí.

Kábíyèsí Oníṣábẹ̀ẹ́, kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí á dé ààfin. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín lórí igbó àti ọ̀nà wọ̀nyí yóò wọ ibi tí ìwé ìjọba kò lè wọ̀. Àwọn àgbà tó mọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, tó mọ ibi tí a kì í wọ bàtà dé àti ibi tí obìnrin kì í dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàṣẹ kí a jókòó tì wọ́n, kí a gbọ́ tẹnu wọn. A kò fẹ́ fi ìrìn wa tàpá sí èèwọ̀ ìlú.

Àwọn òbí kan ti bi mí nípa ejò àti nípa àwọn oníwà burúkú. Ejò wà níbẹ̀, òótọ́ ni. A máa ń wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, a kì í ki ọwọ́ bọ ihò, a kì í dá rìn, a sì máa ń sọ fún ẹni kan nílé ibi tí a gbà. Ọ̀nà tí èèyàn ń rìn lójoojúmọ́ kì í di ibùba olè. Èyí tí a ti pa tì ló ń dà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè rèé ní ṣókí. Kí àwọn awọnlẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀ sí ìhà òkè, ẹ ní kí wọ́n ya gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ sórí máàpù gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà gbogbo ará ìlú. Ẹ fi ìgbẹ́ ẹsẹ̀ òkè sílẹ̀ láìtà, kí ẹ sì má fún ẹnikẹ́ni níwèé láti máa fọ́ òkúta tàbí sun èédú níbẹ̀. Ẹ bá ọ̀gbẹ́ni tó mọ ògiri sọ̀rọ̀. Ẹni rere ni, mo rò pé yóò gbà kí ọ̀nà kékeré gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kọjá bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ bá a.

Àwa tó ń rin àwọn ọ̀nà yìí ti múra láti mú àwọn awọnlẹ̀ yín gba gbogbo wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kọkànlá ló dáa jù, nígbà tí òjò ti dá, tí koríko ti ń wó, tí wọn ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sun ìgbẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń gbéra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè. Ẹ ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ iléèwé èyíkéyìí nílùú, á dé etí wa.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Olùkọ́ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́